Ìrókò Kì í Dá Dàgbà: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa lórí Igbó

Igi tó ń pẹ́ kó tó tó gẹdú ni gbogbo lẹ́tà tí a mú jáde lọ́tẹ̀ yìí dá lé: ìrókò, ọ̀gànwó, arère, àfàrà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Lẹ́tà tó gba àlàyé gígùn, a fún un ní àyè. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, a dá a lóhùn ní ṣókí.

Ọ̀mùnú ìrókò ń wú bí eéwo

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin ìrókò 200 sí ẹ̀yìn ilé lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá síra wọn. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni orí wọn ti ń wú bí eéwo, ọ̀mùnú wọn sì ń kú. Mo ti fín oògùn kòkòrò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ràn án. Ṣé ilẹ̀ mi ni kò dára ni? — Àgbẹ̀ kan, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Ilẹ̀ yín kò jẹ̀bi nǹkan kan. Kòkòrò ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, Phytolyma lata ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ mú abẹ fẹ́lẹ́, kí ẹ la ọ̀kan nínú eéwo yẹn sí méjì, èyí tó ṣì tutù tí kò tíì bẹ́. Ẹ ó rí ihò kékeré kan nínú rẹ̀ tó rin fún omi, ẹ ó sì rí kòkòrò tíntìntín kan níbẹ̀ tí ara rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọ ikán. Ọ̀tá yín nìyẹn.

Abo rẹ̀ tó níyẹ̀ẹ́, tí kò tó hóró ìrẹsì, a máa yé ẹyin sára ọ̀mùnú àti ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ, ẹyin á pa, ọmọ á sì ki ara bọ inú ewé. Kó tó di ọjọ́ kejì, ara ewé ti wú bò ó. Ibẹ̀ ni yóò ti máa fa omi igi mu fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Tó bá dàgbà tán, eéwo á bẹ́, á fò jáde, á lọ wá ọ̀mùnú mìíràn. Ojú egbò tó fi sílẹ̀ ni èbu ń gbà wọ inú igi, tí ọ̀mùnú fi ń jẹrà, tí igi sì ń kú láti orí wá sísàlẹ̀. Oògùn tí ẹ ń fín kò dé ibi tó sá sí. Ara eéwo lásán ló ń bà. Owó tí ẹ ti ná, ẹ ti ná an. Ẹ má tún ná òmíràn sí i.

Ohun tó jẹ́ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé 200 ìrókò wà lójú kan, nínú oòrùn gangan. Nínú igbó, ọmọ ìrókò kan á wà níhìn-ín, èkejì á wà lókèèrè réré, igi oríṣiríṣi á sì pààlà sáàárín wọn. Láti ayé ìjọba òyìnbó ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti gbin ìrókò nìkan sójú kan bí ẹni gbin àgbàdo, ní Nàìjíríà àti ní Gánà, kòkòrò yìí ni kò sì jẹ́ kó yọrí. Àwọn olùwádìí igbó ní Gánà ti dán an wò lábẹ́ ibòji àti nínú àdàlù pẹ̀lú àfàrà. Ìmọ̀ràn tó jáde níbẹ̀ ni pé kí ìrókò kéré nínú àdàlù, kó sì rí ibòji díẹ̀ nígbà èwe rẹ̀.

Ẹ yí àárín 200 náà ká. Àwọn kan yóò wà tí kò wú tó àwọn yòókù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni gbogbo wọn wà. Bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn, wọ́n níye lórí gidigidi. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ wọn. Nínú wọn ni kí ẹ ti mú nǹkan bí 22 tí ẹ ó fi sílẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án, kí ìkíní fi bíi mítà 9 jìnnà sí èkejì. Àwọn tó kù, ẹ hú wọn nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Ẹ gé ara wọn kù sí ìwọ̀n ọwọ́ kan lókè gbòǹgbò, ẹ gé gbòǹgbò kù sí bíi sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ lọ gbìn wọ́n káàkiri sí abẹ́ kókó tàbí obì tó ní ibòji fẹ́ẹ́rẹ́. Ìrókò tí a gé bẹ́ẹ̀ máa ń rú padà. Ojú àwọn tí ẹ hú, àfàrà ni kí ẹ gbìn sí i, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sì wà láàárín fún ọdún méjì àkọ́kọ́ kí ó lè ṣíji bò wọ́n.

Àwọn 22 náà, ẹ máa wò wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Eéwo tó bá ṣì tutù tí kò tíì bẹ́, ẹ gé e tọ̀mùnú-tọ̀mùnú, kí ẹ dáná sun ún. Èyí tó ti bẹ́ kò ní kòkòrò nínú mọ́; gígé rẹ̀ wúlò fún kìkì kí èbu má bàa lọ sísàlẹ̀. Tó bá fi máa di ọdún kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín ibòji kù díẹ̀díẹ̀, nítorí ìrókò fẹ́ràn oòrùn, ibòji tó pọ̀ jù á sọ ọ́ di aràrá. Igi tó bá ti ga kọjá ènìyàn méjì, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì pọ̀, kòkòrò lè jẹ ẹ́ kó má ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹni tí kò tíì gbìn: ẹ fi mítà 4 sáàárín igi sí igi àti ìlà sí ìlà. Ìyẹn fún yín ní nǹkan bí igi 250 lórí éékà kan. Nínú ìlà kẹta-kẹta, igi kẹta-kẹta ni kí ó jẹ́ ìrókò. Ìrókò 28 ni yóò wà níbẹ̀, mítà 12 síra wọn, ó sì tó.

Ọ̀gànwó tó ya ẹ̀ka bí igi ọsàn

*Ọ̀gànwó mi ti pé ọdún mẹ́ta. Dípò kó nàró, ó ya orí mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gé e dànù. — Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Oǹdó*

Ẹ bá wa bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n ní sùúrù. Àfòpiná kan ló ṣe é, Hypsipyla robusta lorúkọ rẹ̀. Òru ló máa ń yé ẹyin sára ọ̀mùnú. Ìdin tó bá jáde nínú ẹyin náà á gbẹ́ ihò wọ àárín ọ̀mùnú náà láàárín àkókò díẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ ó rí ìgbẹ́ rẹ̀ bí ìyẹ̀fun pákó lẹ́nu ihò, pẹ̀lú oje tó dì mọ́ ọn. Ọ̀mùnú á sorí kọ́, á dúdú. Bí orí bá ti kú, àwọn ojú (ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ta lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù wọn fẹ́ di orí. Kì í sábà pa igi. Ìnàró igi ló ń bà jẹ́, ìnàró yẹn náà sì ni oní-gẹdú ń sanwó fún.

Iṣẹ́ yín ni kí ẹ dáàbò bo igi títí yóò fi ní ìdí tó gún régé ní mítà 5 sí 6. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì nígbà òjò, ẹ gbójú sókè wo orí rẹ̀. Èyí tó bá sorí kọ́, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e díẹ̀díẹ̀ láti òkè bọ̀ títí ihò yóò fi tán, tí ẹ ó rí inú igi tó funfun láìlábàwọ́n. Ẹ dá ọ̀bẹ dúró sókè ojú kan tó yè kooro, kí ẹ gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí omi má dúró lórí egbò. Ẹ wá ìdin náà nínú èyí tí ẹ gé, kí ẹ pa á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gé ibi tó dúdú nìkan, wọ́n á sì fi ìdin sílẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tó ti ń jẹun lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, orí tuntun á tún kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ojú tuntun á ti yọ. Ẹ yan èyí tó nàró jù, kí ẹ já àwọn yòókù dànù pẹ̀lú èékánná kí wọ́n tó le.

Igi tiyín tó ti ya orí mẹ́rin, ẹ mú orí kan tó lágbára jù, ẹ gé mẹ́ta tó kù sún mọ́ ìdí, ẹ fi ọparun gbè é lẹ́yìn fún oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti pín, tí kò sí orí kan tó dára nínú wọn, ẹ gé gbogbo igi náà ní gíga kókósẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò ọdún mẹ́ta á ta ọ̀mùnú tó ń sáré. Ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀.

Bíi ti ìrókò náà ni: ẹ má gbìn ín nìkan. Kí mítà 10 sí 15 wà láàárín ọ̀gànwó méjì, kí igi mìíràn dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ojú ọ̀run orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ibòji ẹ̀gbẹ́ ló ń tì í sókè.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò bi wá, ṣùgbọ́n tó ń dùn wá: ìyá elégbòogi tó bá wá bó èèpo ọ̀gànwó fún àgbo, ẹ má lé e, ẹ kọ́ ọ bí yóò ṣe bó o. Èèpo tí a bó yí igi ká pátápátá, ikú igi nìyẹn, nítorí inú èèpo ni oúnjẹ ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti ewé lọ sí gbòǹgbò. Kí ó bó o ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, tó nà lóròó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, kí ó tó kan ara igi tó funfun ní kó dáwọ́ dúró, kí ó sì jẹ́ kí ojú ibẹ̀ jinná kó tó padà wá.

Ṣé ká ro igbó ẹbí ká gbin gmelina?

*Ilẹ̀ ẹbí wa tó éékà mẹ́wàá. Igbó ńlá ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gé gẹdú inú rẹ̀ tà. Ó ku igi wẹ́wẹ́, ìtàkùn àti èpò Akíntọ́lá-ta-kú. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká fi katakata ro gbogbo rẹ̀ ká gbin gmelina, igi ilẹ̀ òkèèrè tó ń yára dàgbà. Àwọn àgbà ní ká fi sílẹ̀. Ta ló tọ̀nà? — Akọ̀wé ẹbí kan, nítòsí Iléṣà*

Àwọn àgbà sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n kí á fi igbó sílẹ̀ lásán kò tó. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ ní.

Éékà mẹ́wàá tó nǹkan bí mítà 200 níbùú àti 200 lóròó. Ẹ la ọ̀nà tóóró mẹ́wàá gba inú rẹ̀ kọjá, mítà 20 síra wọn. Bí ẹ ṣe ń rìn lọ, ẹ wo mítà 2 àbọ̀ lápá ọ̀tún, 2 àbọ̀ lápá òsì. Gbogbo ọmọ igi gidi tó bá ti ga kọjá orúnkún, ẹ kà á, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀: ìrókò, ọ̀gànwó, àfàrà, ìdígbó, ọ̀pẹ̀pẹ̀, arère, apá, ọmọ̀, ìta. Kùkùté tó ń rú náà wà nínú kíkà. Ọ̀nà kan báyìí dúró fún ìdá mẹ́rin éékà kan. Bí ọ̀nà kan bá ní ọmọ igi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tàn ká, ogójì ló wà lórí éékà níbẹ̀ yẹn, ìyẹn igi kan ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àyè igi tó ti dàgbà tán kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìyẹn. Ẹ má gbin nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ tọ́jú èyí tó wà. Ọmọ igi tó hù fúnra rẹ̀ ti mọ ilẹ̀ náà, gbòǹgbò rẹ̀ kò lọ́ nínú ọ̀rá rí, ẹ kò sì san kọ́bọ̀ lé e lórí. A máa ń rí i pé inú igbó tí ojú ti fo bí èyí tí kò ní nǹkan kan ni ọmọ igi pọ̀ sí jù, nítorí pé kò sẹ́ni tó wolẹ̀.

Ìtọ́jú wọn rèé. Ẹ kan èèkàn tí a so aṣọ mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó ń ro kò ní mọ ọmọ àfàrà yàtọ̀ sí koríko. Ẹ ro ìdí rẹ̀ yí ká ní mítà kan, kí ẹ da koríko tí ẹ ro bo ilẹ̀ ibẹ̀. Ìtàkùn tó bá gun igi, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì: nílẹ̀, àti ní ìbàdí. Ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kó gbẹ sókè fúnra rẹ̀. Èyí tí a bá fà máa ń ṣẹ́ orí igi tó gùn.

Ibi tó wá le jù ni oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, ọmọ igi kò ní ga. Bó bá sì pọ̀ lójijì, ìtàkùn àti Akíntọ́lá-ta-kú á bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún 1944 ni ẹ̀ka igbó ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan ní Nàìjíríà: wọ́n ń gé ìtàkùn, wọ́n ń fi májèlé sodium arsenite pa àwọn igi tí wọ́n kà sí aláìwúlò, kí orí igbó lè ṣí fún ọmọ ọ̀gànwó àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún mélòó kan ṣáájú kí wọ́n tó gé gẹdú. Ètò náà kò kọjá àwọn ọdún 1960. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, ìtàkùn ló jẹ ẹ́ ju ọmọ igi lọ. Nígbà tó sì yá, ọjà ṣí fún díẹ̀ nínú àwọn igi tí wọ́n ti fi májèlé pa. Nítorí náà, ẹ máa ṣí orí igbó díẹ̀díẹ̀. Igi tó bá bo orí ọmọ igi yín gan-an nìkan ni kí ẹ tọwọ́ bọ̀, kí ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, tàbí kí ẹ bó èèpo rẹ̀ yí ká ní ìbú ọwọ́ kan kó lè kú lórí ìdúró láìwó lu ẹnikẹ́ni. Àga tí ewé rẹ̀ tàn bí agboòrùn, ẹ fi sílẹ̀. Kì í pẹ́ láyé, ibòji rẹ̀ ń pa Akíntọ́lá-ta-kú, òun fúnra rẹ̀ á sì kú nígbà tí igi yín bá fẹ́ àyè.

Ibi tí ọ̀nà bá ti mú mẹ́ta, mẹ́rin péré wá, ibẹ̀ ni gbígbìn ti wúlò. Ẹ la ìlà tó fẹ̀ ní mítà 2, kó dojú kọ ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè pẹ́ nínú rẹ̀, mítà 10 láàárín ìlà méjì, kí ẹ gbin igi ní mítà 5-5. Ọgọ́rin igi ló ń lọ sórí éékà kan. Ọ̀pẹ̀pẹ̀, ìdígbó àti àfàrà ni kó pọ̀ nínú rẹ̀, kí ọ̀gànwó àti ìrókò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ gé gbogbo igi tó bá ṣíji bo ojú ìlà kúrò, títí kan èyí tó gba òkè kọjá. Ìdí tí irú ìgbìn yìí fi ń kú jù ni pé ènìyàn á la ìlà lẹ́ẹ̀kan, òkè á padà dí láàárín ọdún kan, ọmọ igi á sì dúró gíga orúnkún títí yóò fi kú.

Roro: ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kejì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kẹta àti ìkẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún ìtàkùn nìkan títí di ọdún keje. Bí ẹbí kò bá lè ro éékà mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, ẹ fi méjì bẹ̀rẹ̀.

Ní ti gmelina, a kò bá a jà. Ilẹ̀ tó ti di pápá, tí kò sí kùkùté kan tó ń rú níbẹ̀ mọ́, ó lè bá a mu, ó sì ń yá. Ṣùgbọ́n kí a fi katakata hú igbó tó ṣì ń mí, kí a hú gbòǹgbò ìrókò tó lè rú fúnra rẹ̀, kí erùpẹ̀ òkè sì bá a lọ, ìyẹn dùn wá dé ọkàn. Ẹ sì sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́: Akíntọ́lá-ta-kú tó ń yọ yín lẹ́nu yẹn, ohun tí àwọn onímọ̀ ewéko kọ sílẹ̀ ni pé àárín hóró gmelina tí wọ́n kó wá láti Ceylon (Sri Lanka òde òní), ní nǹkan bí ọdún 1937, ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà.

Hóró arère kì í hù

*Mo ṣa hóró arère tó jábọ́ kún àpò kan. Mo gbìn ín lẹ́yìn oṣù méjì, mẹ́fà péré ló hù. — Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, Ìbàdàn*

Hóró arère kì í tọ́jọ́. Bí a bá gbé e sí yàrá lásán, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan agbára rẹ̀ á ti lọ. Èyí tó ti jábọ́, kòkòrò ti wọ inú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ ká a lórí igi nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ bá ń pọ́n kúrò ní àwọ̀ ewé, ẹ fi èékánná la mélòó kan wò, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun kó sì kún. Kí ẹ gbìn ín lọ́sẹ̀ yẹn náà. Ẹ ránti pé kì í so dáadáa lọ́dọọdún.

Nítorí èyí ni àwọn olùwádìí fi ṣe iṣẹ́ gidi ní Ìbàdàn yín níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1970 lórí bí a ṣe lè fi ọ̀mùnú arère ṣe ọ̀gbìn. Ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ kan àpótí onígi, kí ẹ fi ọ̀rá tó nípọn tẹ́ inú rẹ̀ kí omi má jò. Òkúta ńlá ni kó wà nísàlẹ̀, kí òkúta wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀, kí yanrìn odò tí a fọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 wà lókè pátápátá. Ẹ da omi sí i kó dúró sáàárín òkúta, kó má kan yanrìn. Ẹ fi ọ̀rá funfun bo òkè rẹ̀ dẹ́dẹ́, kí ẹ gbé e sábẹ́ ibòji.

Ara igi ọmọdé ni kí ẹ ti mú ọ̀mùnú. Ti igi àgbà kì í ta gbòǹgbò. Ẹ gé e láàárọ̀ kùtù, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, kí ewé kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àlùmọ́gàjí dín ewé náà kù títí yóò fi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ewé tó tóbi jù á gbẹ ọ̀mùnú, èyí tí a já pátápátá kò sì ní oúnjẹ tí yóò fi ta gbòǹgbò. Ẹ rì í sínú yanrìn ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí àpótí, ẹ wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sára ewé kí ẹ tó pa á dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, gbòǹgbò á yọ. Bí ìdí ọ̀mùnú bá dúdú tó sì rọ̀, omi ti gòkè kan yanrìn nìyẹn.

Ìdin onírun tí yóò wá jẹ ewé arère yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ má fín in. Mọ̀lẹ́bí kòkòrò tí à ń rí òwú sányán lára ìtẹ́ rẹ̀ ni, igi á sì tún ewé ta.

Oní-gẹdú fẹ́ ra ìrókò inú oko kókó

*Ìrókò ńlá kan wà nínú oko kókó bàbá mi. Ṣé kí n tà á? Wọ́n ní ibòji rẹ̀ ń dín kókó kù. — Obìnrin àgbẹ̀, Ìdànrè*

Ẹ wò ó lásìkò tó bá ń tanná, ìyá wa. Ìrókò ní akọ, ó ní abo, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Òdòdó akọ funfun, ó gùn, ó ń rọ̀ dirodiro. Ti abo kúrú, ó nípọn, àwọ̀ ewé ni. Abo ni ń so èso tí àdán ń jẹ tí ó ń fọ́n hóró rẹ̀ káàkiri. Bí tiyín bá jẹ́ abo, ìyá ni gbogbo ọmọ ìrókò agbègbè yẹn ń wò. Bó bá jẹ́ akọ, tí kò sí akọ mìíràn nítòsí, abo tó kù á so èso tí inú rẹ̀ ṣófo.

Ní ti kókó, igi ńlá mẹ́fà sí méje lórí éékà kan kì í pa á lára, ó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ìrókò, àfàrà àti ìdígbó dára fún un. Àràbà ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ó ń gba àrùn tó ń wú ọ̀mùnú kókó sára. Bí ẹ bá pinnu láti tà á síbẹ̀síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì igbó ìpínlẹ̀ yín fún ìwé àṣẹ kí ẹ tó gba owó. Kí wọ́n gé ìtàkùn ara rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, kí ó má bàa fa igi mìíràn lulẹ̀. Kí wọ́n sì darí wíwó rẹ̀ sí ibi tí kókó ti gbó. Ẹ fi kùkùté sílẹ̀, ó lè rú.

Igi 5,000 láti Lọ́ńdọ̀nù

*Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí fẹ́ sanwó kí wọ́n gbin igi 5,000 sí igbó ìlú. Kí ni ká béèrè lọ́wọ́ wọn? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Peckham*

Ẹ dín in kù sí 1,000, kí ẹ fi owó tó kù san owó roro ọdún mẹ́rin. Igi 5,000 tí a gbìn tí a fi sílẹ̀ lè má ku ọgọ́rùn-ún tó bá di ọdún kẹta.

Ẹ béèrè ta ló ni ilẹ̀, kí ẹ gba ìwé àdéhùn tí ọba àti àwọn ẹbí tó nilẹ̀ fọwọ́ sí. Ẹ béèrè orúkọ igi àti iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n gbìn ín láàárín oṣù Òkúdù àti Agẹmọ. Ayẹyẹ gbígbin igi tí wọ́n bá sún sí ìparí oṣù Ọ̀wàrà kí ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù lè wà níbẹ̀, ọmọ igi ni yóò fojú winá rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Fún oṣù kan kó tó kúrò ní ibi tí wọ́n ti hù ú, kí wọ́n máa dín omi àti ibòji rẹ̀ kù kó lè le. Ihò gbọ́dọ̀ jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bọ́ ọ̀rá kúrò pátápátá, kí wọ́n sì gé gbòǹgbò tó bá ti lọ́ yíká nísàlẹ̀. Gbòǹgbò tó lọ́ kì í nà mọ́. Igi náà á dàgbà fún ọdún díẹ̀, atẹ́gùn á sì wó o.

Ẹ pín owó sí mẹ́ta: ìdá kan nígbà gbígbìn, ìdá kan ní oṣù kejìlá, ìdá kan ní ọdún kẹta, kí méjì ìkẹyìn dá lórí iye igi tó wà láàyè tí ẹnì kan tí kò gbìn ín kà.

Iná ọ̀gbẹlẹ̀

*Báwo ni ojú iná ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó? — Ọdẹ, Ṣakí*

Ojú iná ni ilẹ̀ tí a ro mọ́ yí igi ká kí iná má bàa kọjá. Mítà 5 ló kéré jù, mítà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ ro ó dé erùpẹ̀ pupa, kí ewé kan má kù lórí rẹ̀, kí ẹ sì ti parí rẹ̀ kó tó di ìdajì oṣù Bélú. Ẹ tún un gbá ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nítorí ewé tíìkì àti ti igi mìíràn á ti tún bò ó. Kùkùté gbígbẹ tó wà ní ẹ̀bá rẹ̀, ẹ gé e kúrò: inú rẹ̀ ni iná ń sùn sí di ọjọ́ kejì, kí atẹ́gùn tó gbé ẹ̀ta rẹ̀ kọjá.